Àwọn Ta Ló Gbé Àpótí Ọba Igbó?

"Àwọn ta ni?"

Ìyá ìyàwó mi ló béèrè bẹ́ẹ̀. Làmídì adẹ́mu ló mú ìròyìn náà wá sí agboolé wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò sọ kèrègbè rẹ̀ kalẹ̀, ó kàn ní, "Wọ́n ti mú Oyèdìran nínú igbó." Oyèdìran ni àbúrò ìyàwó mi, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó kù fún ìyá wọn. Ìyá náà dá ọwọ́ ìgbálẹ̀ dúró, ó béèrè pé àwọn ta ni. Làmídì ń wolẹ̀, Ìbídùn ìyàwó mi ń wo Làmídì, èmi ń wo ìbọn mi lára ògiri. Nígbà tí mo wá fọ̀rọ̀ wá Làmídì lẹ́nu wò, òun fúnra rẹ̀ kò rí nǹkan kan. Ẹnì kan ló sọ fún un. Ẹni tó sọ fún un náà, ẹnu ẹlòmíràn ló ti gbọ́ ọ. Ohun tí gbogbo wọn fẹnu kò sí kò ju pé Igbó Agbẹ́jọ́ ló ti ṣẹlẹ̀.

Ìyá ìyàwó mi kò bẹ̀ mí pé kí n lọ. Ó wọ yàrá Oyèdìran, ó gbé ẹní rẹ̀ jáde, ó tẹ́ ẹ sóòrùn bí a ti ń ṣe fún ẹni tó ń bọ̀ wá sùn. Mo rí i, mo sì dìde.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ mọ̀ mí. Èmi Ọdẹ́sànyà kì í ṣe ọdẹ tó pa òkété tó ń ròyìn ẹfọ̀n. Mo ti sùn lórí igi tí erè ń gbé, àwa méjèèjì jí láàárọ̀, oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹkùn ti wò mí lójú rí, òun ló kọ́kọ́ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nítorí náà ẹ ò ní gbọ́ ohun tí mo jẹ lọ́nà lẹ́nu mi, ẹ ò sì ní gbọ́ ibi tí mo ti mu omi. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín dé ẹnu ibodè Igbó Agbẹ́jọ́ tààrà, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé ìbọn ò ní wúlò fún mi lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀dá kan jókòó lórí ògán níbẹ̀, ó ní ẹnu méjì, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹnu òkè ń béèrè ọ̀rọ̀, tìsàlẹ̀ ń yọ ṣùtì.

"Ọdẹ," ẹnu òkè ní, "mú ohun kan tí o mọ̀ wá, kí o kọjá. Ohun tí ìwọ fúnra rẹ mọ̀ o."

Mo rò pé ìyẹn rọrùn. Mo ní, "Mo mọ̀ pé Ọdẹ́sànyà ni orúkọ mi."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Bàbá mi ló sọ mí lórúkọ."

"Ohun tí bàbá rẹ mọ̀ nìyẹn. Mú fìlà rẹ wá."

Mo ṣí fìlà mi, mo fún un. Mo ní, "Mo mọ̀ pé ọdún tí eṣú jẹ oko ni wọ́n bí mi."

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Bí wọ́n bá ń bí mi, níbo ni kí n wà?"

"O rí eṣú?"

Ẹnu ìsàlẹ̀ ní, "Ó wà níbẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ojúlówó ẹlẹ́rìí rèé." Ẹ̀dá náà gba àpò ọdẹ mi. Ẹnu òkè wá là á yé mi pé bí mo bá tún ṣì í, orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni òun yóò gbà. N óò padà délé, ìyàwó mi yóò la ẹnu láti pè mí, kò sì ní rí nǹkan kan pè.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ dán an wò lọ́kàn ara yín. Ẹ yọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún yín kúrò nínú ohun tí ẹ mọ̀, kí ẹ wo ohun tó kù. Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀, mo yí ìdúró mi padà torí mo ti tẹ ẹ̀gún lẹ́bàá odò, ibẹ̀ sì ń ta mí. Ọgbọ́n bá sọ sí mi.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dùn mí," ni mo wí.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹsẹ̀ náà ni."

Ẹnu méjèèjì pa dé. Ó yẹ̀ lọ́nà fún mi. Ẹnu òkè ní, "Máa wọlé. Wọ́n ń wá ẹnì kan kún ìgbìmọ̀ wọn níbẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ nǹkan púpọ̀, kò sí èyí tí ẹsẹ̀ ń dùn nínú wọn." Fìlà mi àti àpò mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀ dòní.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ni ilé ẹjọ́ wọn. Àwọn ìgbìmọ̀ jókòó sórí ilẹ̀ lásán, torí òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ jókòó ga ju ẹnìkejì lọ nígbà tí ẹjọ́ bá ń lọ. Ọba Igbó nìkan ló ní àpótí ìjókòó. Àpótí yẹn ló sì sọnù. Wọn kì í jẹ́ kí ọba fìdí kan ilẹ̀, nítorí náà láti ìgbà tí àpótí ti sọnù ni ọba ti wà lórí ìdúró. Ó fara ti òpó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Mo wo àwọn ìgbìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ òkúta, Abara-Òkúta ni wọ́n ń pè é. Èyí tó dàgbà jù ni Baba Irun, àbúrò bàbá tó bí ọba. Irun orí rẹ̀ àti irùngbọ̀n rẹ̀ dúdú kirikiri, wọ́n sì kún ilẹ̀ yí i ká bí ìgbà tí wọ́n fi koríko bo àtíbàbà. Imú rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Orí rẹ̀ ga ju ti gbogbo wọn lọ. Mo ní lọ́kàn mi pé àgbà yìí á ti jẹ́ géńdé ńlá nígbà èwe rẹ̀. Ó ń sùn.

Níwájú wọn ni àna mi wà. Wọ́n ti gbẹ́ ihò, wọ́n ti gbin ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dé ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n sì ti bu omi sí i lẹ́ẹ̀kan. Ojúgun rẹ̀ ti ń di èèpo igi. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nìyí: wọ́n á máa bomi rin ín títí yóò fi di igi, wọ́n á gé igi náà, wọ́n á fi gbẹ́ àpótí mìíràn fún ọba.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀," ni Oyèdìran wí. "Ẹ má bínú, mi ò lè dọ̀bálẹ̀."

"Fi ìdọ̀bálẹ̀ sílẹ̀," mo ní. "Ìwọ lo gbé e?"

"Ẹ̀gbọ́n, pàkúté mi ni mo wá yẹ̀ wò. Mi ò mọ̀ pé ọba wọn ń jókòó."

Ọba Igbó bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí ẹni tó wà nínú ihò. Mo ní àbúrò ìyàwó mi ni. Ó ní kí n jókòó, pé ààyè ẹbí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló ṣófo nínú ìgbìmọ̀. Mo sọ fún un pé nílé tiwa, wọ́n á ní kí ẹbí yẹra fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

"Ta wá ni yóò dá a?" ni Abara-Òkúta béèrè. "Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí?"

Mo jókòó.

Bí wọ́n ṣe ń dájọ́ níbẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá dá lójú pé ẹni tí wọ́n mú jẹ̀bi yóò fi àtẹ́lẹwọ́ lélẹ̀. Bí gbogbo ọwọ́ bá wà nílẹ̀, wọ́n á bomi sí i. Bí ọwọ́ kan bá wà lókè, ẹni tó ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí iyèméjì rẹ̀ dúró lé. Bí iyèméjì náà kò bá rí nǹkan kan dúró lé, wọ́n á fa ọwọ́ olúwarẹ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró títí oòrùn fi kúrò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á hú ẹni náà kúrò nílẹ̀, á máa lọ ilé rẹ̀. Mo wo oòrùn. Ó ti ń wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ìhà ìwọ̀-oòrùn, kò sì ṣe bí ẹni tó ń kánjú.

Wọ́n fi ọwọ́ lélẹ̀. Ọwọ́ Baba Irun yọ láti inú irun, kò kanlẹ̀ tán, ó ku díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kà á mọ́ èyí tó kanlẹ̀ nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Tèmi nìkan ló wà lókè.

"Iyèméjì rẹ," ni Ọba wí, "kí ló dúró lé?"

"Mi ò tíì mọ̀," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ẹnu àwọn tó rí i."

Olójú-Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ìpàkọ́ ni ojú rẹ̀ méjèèjì wà, nítorí náà ohun tó bá ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan ló máa ń rí. Kó tó lè bá mi sọ̀rọ̀, ó ní láti kẹ̀yìn sí mi.

"Mo ń lọ sódò," ó ní. "Ẹnì kan kọjá lára mi. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dúdú, ó kún fún irun, ó sì tẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹni tó gbé ẹrù. Ọkùnrin yìí ni."

Lóòótọ́, Oyèdìran fi awọ ìjímèrè kọ́ ẹ̀yìn, irun sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ìjímèrè.

"Awọ yìí pupa," mo ní.

"Abẹ́ igi ni. Òjìji lè sọ pupa di dúdú."

"Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí o wá wo ẹni tí o rí, ẹni mélòó ni wọ́n tò fún ọ?"

"Òun nìkan."

"Kí ni wọ́n sọ fún ọ kí o tó wò ó?"

"Wọ́n ní àwọn ti mú un, kí n wá wò ó."

"Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n mú, tí mo fi awọ kọ́ ẹ̀yìn ńkọ́?"

Ó ronú sí i. Mo ní kó máa bọ̀, kó tún mi wò dáadáa. Mo yí ẹ̀yìn sí i, àwa méjèèjì kẹ̀yìn síra. "Ìwọ náà jọ ọ́ díẹ̀," ó ní. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ kan tàbí méjì gbé díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n n ò fẹ́ tàn yín: jíjọ tí mo jọ ọ́ kò ní kí àna mi má jẹ̀bi. Ohun tí ó kàn sọ ni pé ojú yẹn lè ṣì í.

Abara-Òkúta ní, "Àpótí sọnù. Ẹnì kan ló gbé e. Ẹnì kan la mú. Kí ló tún kù? Ọwọ́ tèmi wúwo, bí mo bá ti gbé e kalẹ̀, ìyọnu ni láti tún gbé e."

Wọ́n pe Elétí-Kan. Ó ní òun ń kọjá lẹ́yìn ilé ọba, òun sì gbọ́ tí ẹni tó gbé àpótí ń dá sọ̀rọ̀ pé, "Màá gbé e," ó sì dárúkọ ọdẹ.

"Etí kan ni o ní," mo ní. "Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí létí rẹ?"

"Ààbọ̀ ni. Èmi ni mo máa ń fi ààbọ̀ kejì kún un."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dán an wò. Mo rọra pe ọ̀rọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní, "Pẹ́pẹ́yẹ." Ó ní òun gbọ́ ẹyẹ.

"Pẹ́pẹ́yẹ kì í ṣe ẹyẹ ni?" Abara-Òkúta béèrè. "Ó gbọ́ ọ dáadáa."

Ó bá mi lójijì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sá fún ẹfọ̀n rí mọ bí a ti ń yí kọ́nà. Mo ní, "Ó dára. Ọ̀rọ̀ tó fara jọ ọdẹ pọ̀. Ọ̀dẹ̀ wà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà wà. Èwo ló gbọ́?"

"Ọ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọdẹ," ni Abara-Òkúta wí, ó ń wò mí, "mi ò rò pé wọ́n jìnnà síra."

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín gan-an. Oyèdìran pẹ̀lú rẹ́rìn-ín nínú ihò rẹ̀, mo sì rí i pé èèpo igi ti dé orúnkún rẹ̀, kò lè ká ẹsẹ̀ kò mọ́. Mo bi Elétí-Kan léèkan sí i. Ó ní lóòótọ́ òun ò lè búra pé ọdẹ ni; ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní ọdẹ ni wọ́n mú, ó dùn mọ́ òun nínú pé ohun tí òun gbọ́ nìyẹn.

"Iyèméjì rẹ ti ní ẹsẹ̀ méjì," ni Ọba wí fún mi. Ó yí ìdúró padà, ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan ṣì kù, òun ló sì rí i ní ojúkojú. Ẹ pe Ìyàwó."

Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè é torí ọmọ ọba ló fẹ́ ẹ, kò sì tíì pẹ́ tó dé. Ewé ni irun orí rẹ̀, tútù ni gbogbo rẹ̀. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó kí wa yíká.

"Ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbá," ó ní. "Mo rí wọn. Wọ́n gbé àpótí náà sábẹ́ apá, wọ́n sì ń lọ."

"Ẹ gbọ́ ọ," ni Abara-Òkúta wí. "Wọ́n. Àwọn ọdẹ ni. Ọwọ́ wa tẹ ọ̀kan, àwọn tó kù sá." Àwọn ọwọ́ tó ti ń kúrò nílẹ̀ tún padà síbẹ̀. Ẹnì kan na ọwọ́ sí agbè omi.

Ohùn ìyá ìyàwó mi ló sọ sí mi létí, bí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́sàn-án yẹn. Mo bi Ìyàwó, "Àwọn ta ni?"

Ó fi ìka kan fa ìlà sórí ilẹ̀.

"Mélòó ni wọ́n?"

"Àwọn nìkan ni."

"Àwọn pẹ̀lú ta ni?"

"Wọn ò mú ẹnikẹ́ni dání."

"Ìyàwó, fi sùúrù dá mi lóhùn. Ẹsẹ̀ mélòó lo rí?"

"Méjì."

Ẹni tó na ọwọ́ sí agbè fà á padà. Ọba Igbó kúrò lára òpó. "Ẹnì kan ṣoṣo," ó ní, "lo ń pè ní wọ́n?"

"Baba, kí ni kí n máa pè wọ́n?"

Mo nawọ́ sí Oyèdìran. "Ṣé òun lo rí?"

"Eléyìí? Rárá o. Bó bá jẹ́ òun ni, mi ò ní sọ pé wọ́n gbé e, màá ní ó gbé e."

"Kí ló dé tí o ò ti sọ bẹ́ẹ̀?" ni Abara-Òkúta bi í.

"Ẹ ò bi mí. Ẹ ní kí n sọ ohun tí mo rí, mo sì sọ ọ́."

Ó yé mi nígbà náà, ó sì yẹ kó ti yé mi tẹ́lẹ̀, torí ó wà nínú ilé tèmi. Láti ọjọ́ tí Ìbídùn ti dé ilé wa, kò pe àbúrò mi kan lórúkọ rí, débi tí yóò pe àgbà. Ẹni tí wọ́n bá ti bí sílé kó tó wọlé, inagijẹ ló máa ń sọ ọ́. Àbúrò mi tó kéré jù, Ìdílẹ̀kẹ̀ ló ń pè é. Kí inagijẹ tó dé, "wọ́n" ni.

"Ẹni tí o rí yìí," mo ní, "ṣé inú ilé yìí ni wọ́n bí i sí?"

"Wọ́n ti bí wọn tipẹ́tipẹ́."

"O ò sì lè dárúkọ rẹ̀."

"Ẹnu mi ò gbà á."

"Inagijẹ wo lo fún un?"

"Mi ò tíì fún wọn ní ọ̀kan. Mi ò tíì pẹ́ níbí, wọ́n sì máa ń sùn, mi ò mọ ìwà wọn tó èyí tí màá fi sọ wọ́n lórúkọ."

Oòrùn ṣì wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní, "Sọ wọ́n lórúkọ nísinsìnyí. Níwájú gbogbo wa. Ìyẹn kì í ṣe àfojúdi."

Ìyàwó gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wo àwọn ìgbìmọ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé ìpẹ̀kun kejì, ó wò wọ́n pẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀ bí ìyàwó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí inagijẹ tó dáa bá wá sí i lọ́kàn.

"Màá máa pè wọ́n ní Ajókòóga," ó ní.

Gbogbo wa wo ara wa. Orí wa dọ́gba bí ìkòkò tí wọ́n tò sílẹ̀, láti ọ̀dọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ Abara-Òkúta, àfi orí kan. Irun dúdú. Ọwọ́ tí kò kanlẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a jókòó sí.

Ọba Igbó rìn lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ya irun náà sọ́tùn-ún sósì. Baba Irun lajú.

"Ìbàdí ló ń dùn mí," ó ní. "Mo ní kí n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n fi sinmi díẹ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀."

"Baba, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹ ní ọdẹ lẹ̀ ń wá."

Lábẹ́ rẹ̀, láàárín irun, ni ẹsẹ̀ àpótí náà ti yọ síta, níbi tí ojú gbogbo wa ti ń wò láti ìgbà tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀.